Danfo Drivers: Àwọn olórin Ajégúnlẹ̀ méjì tí orin wọn gba orúkọ mọ́ wọn lọ́wọ́

Bí ènìyàn bá dárúkọ Mad Melon àti Mountain Black níwájú ọ̀pọ̀ ará Èkó, ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ́kọ́ máa wo onítọ̀hún lójú, kí wọ́n bi í pé ta ni ó ń wí. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ní Danfo Drivers, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ẹni tó bá ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún yóò rẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ yóò sì ti máa jó kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Orin kan ṣoṣo ló sọ àwọn ọkùnrin méjèèjì di ẹni ayé ń pè, orin kan náà ló sì bo orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ mọ́lẹ̀.

Ẹgbẹ́ olórin ẹlẹ́ni méjì ni Danfo Drivers. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ti jáde, ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 ni òkìkí wọn sì kàn. Orin rágà ti Ajégúnlẹ̀, èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí galala, ni wọ́n ń kọ, Gẹ̀ẹ́sì àdàmọ̀dì tí ẹ̀yà gbogbo gbọ́ ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́. Orin méjì ló dúró jù lọ nínú iṣẹ́ wọn. Àkọ́kọ́ ni ‘Danfo Driver’, tó sọ wọ́n di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Èkejì ni ‘Kpolongo’, tó tún dá wọn padà sẹ́nu ayé ní ọdún 2018 nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ orin dá awuyewuye sílẹ̀. Ìtàn orin méjèèjì kò ṣeé sọ láìsọ ti àdúgbò tí wọ́n ti wá.

Ajégúnlẹ̀ kò jìnnà rárá sí èbúté Àpápá. Orúkọ rẹ̀ kò sì ṣòro láti túmọ̀: ibi tí ajé gúnlẹ̀ sí. Ajé gúnlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Àpápá ni ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ sí. Ní àwọn ọdún 1920 ni ìjọba òyìnbó kọ́ èbúté ńlá sí Àpápá. Ní ọdún 1977 ni ìjọba Nàìjíríà ṣí èbúté Tin Can Island kún un. Àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ń gbé ní Àpápá, nínú ilé tó ní ọgbà àti igi. Àwọn tó ń ru ẹrù, àwọn tó ń wa ọkọ̀, àwọn tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rù-sí àti àwọn tó ń se oúnjẹ tà fún wọn ni wọ́n wá ilé olówó pọ́ọ́kú lọ sí Ajégúnlẹ̀. Yorùbá wà níbẹ̀, Ìlàjẹ wà níbẹ̀, Ìjọ́, Urhobo, Ìsókó, Ìgbò àti Hausa kò sì gbẹ́yìn, gbogbo wọn nínú yàrá kan-ùn-kan tó dojú kọra wọn. Ìjọba ìbílẹ̀ Ajéròmí-Ìfẹ́lódùn ló ni ibẹ̀, Àpápá sì ní ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀. Ibi tí àdúgbò méjèèjì ti pàdé ni wọ́n ń pè ní Boundary, orúkọ náà kò sì fi ohun tó jẹ́ pamọ́: ààlà ni.

Ọ̀nà méjì tí ayé fi mọ Ajégúnlẹ̀ sí rere ni bọ́ọ̀lù àti orin. Ti bọ́ọ̀lù kò fẹ́ àlàyé púpọ̀, nítorí ẹni tó bá mọ Samson Siasia, Taribo West àti Odion Ighalo ti mọ̀ pé àdúgbò náà kò yàgàn. Ti orin ló ṣòro láti kọ sílẹ̀, torí pé bọ́ọ̀lù ní ìwé àkọsílẹ̀ tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ń tọ́jú. Àwọn olórin ìta kò ní.

Kí àwọn méjì yìí tó dé, orin Ajégúnlẹ̀ ti ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Rẹ́gẹ̀ àti rágà láti Jàmáíkà ni àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ kọ́kọ́ gbà, tí wọ́n sì yí i padà sí èdè àti ìrírí tiwọn. Daddy Showkey, ẹni tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ John Asiemo, ni àwọn ènìyàn sábà máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gbé galala jáde fún gbogbo Nàìjíríà rí ní àwọn ọdún 1990. Galala jẹ́ orin, ó sì tún jẹ́ ijó. Oníjó a rọ orúnkún, a tẹ àyà síwájú díẹ̀, a wá máa ju èjìká àti apá bí ẹni tó ń yẹ ẹ̀ṣẹ́. Baba Fryo dé pẹ̀lú aṣọ tó fi ń bo ojú kan, ó ń fi orin gún àwọn afẹfẹyẹ̀yẹ̀ ní ìmú. Daddy Fresh kọ tirẹ̀. Marvelous Benjy mú ijó tí wọ́n ń pè ní swo wá. African China bọ́ síta, ó ń bi àwọn olórí ìlú léèrè ohun tí wọ́n fi owó ìlú ṣe. Inú agbo yìí ni Danfo Drivers ti yọjú.

Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú agbo náà ni iṣẹ́ tí wọ́n fi orin kọ. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ‘Danfo Driver’ kò pe ara rẹ̀ ní olówó. Kò pe ara rẹ̀ ní ọmọ ìta tí gbogbo ènìyàn ń sá fún. Kò sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣàánú òun. Awakọ̀ dáńfó ni, ó ń kéde iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ijó, ẹnu kò sì tì í.

Láti mọ ìdí tí ìkéde yìí fi lágbára, ó yẹ kí á mọ ohun tí ojú awakọ̀ náà ń rí. Dáńfó ni ọkọ̀ akérò kékeré aláwọ̀ ìyeyè tí ìlà dúdú gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Volkswagen àlòkù láti Yúróòpù ló pọ̀ jù nínú wọn nígbà tí orin náà jáde. Àwọn kan ní Yorùbá pọ́ńbélé ni orúkọ rẹ̀, pé ó ń dá fò ni. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ ti jókòó nínú rẹ̀ rí. Ìdájí ni awakọ̀ ti ń kúrò nílé. Kọ̀ńdọ́ a rọ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn, a máa pe Mile 2, Boundary, Wharf. Àgbèrò ń retí owó ní gáréèjì, ọlọ́pàá ń retí tirẹ̀ ní ìkóríta, epo kò sì fẹ́ gbọ́ àwáwí. Ẹni tó ń retí èyí tó pọ̀ jù ni ẹni tó ni ọkọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ awakọ̀ dáńfó kì í ṣe onímọ́tò. Iye kan wà tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ kó fún onímọ́tò lálaalẹ́, ìbáà jẹ́ pé èrò wà, ìbáà jẹ́ pé kò sí. Wọ́n ń pè é ní owó dẹlífárì. Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìyẹn ni awakọ̀ àti kọ̀ńdọ́ rẹ̀ yóò pín.

Yorùbá mọ bí a ti ń fi orin bọlá fún iṣẹ́. Ọdẹ ní ìjálá, alágbẹ̀dẹ ní oríkì, àgbẹ̀ náà ní tirẹ̀. Èébú ni ìpín awakọ̀ dáńfó. Èrò ń bú u pé eré rẹ̀ ti pọ̀ jù, ẹni tó ń wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń bú u pé ó ya sí òun níwájú, àwọn ìwé ìròyìn pàápàá a sì máa kọ̀wé nípa rẹ̀ bí ẹni pé òun nìkan ló ń fa sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní Èkó. Fela ti kọrin nípa ọkọ̀ èrò ṣáájú àkókò yìí. Nínú Shuffering and Shmiling, tó jáde ní ìparí àwọn ọdún 1970, ó sọ ti àwọn tó há mọ́ra wọn nínú mólúè. Ṣùgbọ́n láti àárín àwọn èrò ni Fela ti wo ọkọ̀ náà. Ìdí ọwọ́ ìdarí ni Danfo Drivers jókòó sí, wọ́n sì jẹ́ kí á gbọ́ ohùn ẹni tí gbogbo ọkọ̀ ń pariwo mọ́. Ìyàtọ̀ yìí kò kéré.

Èdè tí wọ́n lò náà ràn wọ́n lọ́wọ́. Kò sí ẹ̀yà kan ní Àpápá tàbí Ajégúnlẹ̀ tó lè ní èdè òun ni tàbí pé kì í ṣe tòun. Síbẹ̀, nígbà náà, kò tíì sí ilé-iṣẹ́ rédíò ní Èkó tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì àdàmọ̀dì sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́; ọdún 2007 ni Wazobia FM tó dé. Orin náà ti gba ìlú ṣáájú kí rédíò tó gba èdè náà.

Ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ òde òní, tí wọ́n ń gbọ́ orin lórí fóònù, mọ bí àwo orin ṣe ń rìn nígbà náà. Ní òkè òkun, ilé-iṣẹ́ orin a máa kọ́kọ́ ta orin ẹyọ kan láti fi polówó odidi àwo. Ní Èkó, ọjà bẹ́ẹ̀ kò sí. Odidi kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń tà, ojú kìíní àti ojú kejì, títí VCD fi wá dara pọ̀ mọ́ ọn. Èwo nínú orin inú kásẹ́ẹ̀tì ni yóò yọrí? Kì í ṣe olórin ló ń yàn án. Àwọn tó ń fi orin sí i ní rédíò ní ọwọ́ nínú rẹ̀, pàápàá láti ọdún 1994 tí Ray Power ti bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí rédíò aládàáni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Àwọn onílé ìtajà tó ń gbé gbohùngbohùn síta ní ọwọ́ nínú rẹ̀, àwọn tó ń lu orin níbi àríyá náà kò sì gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ti awakọ̀ ló pọ̀ jù, nítorí pé dáńfó jẹ́ rédíò tí kò gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Orin tó bá wù ú, gbogbo èrò inú ọkọ̀ ni yóò gbọ́ ọ láti Mile 2 dé Wharf, yálà wọ́n fẹ́ tàbí wọn kò fẹ́, àwọn èrò mìíràn yóò sì tún gbọ́ ọ nígbà tó bá ń padà. Orin wo ni awakọ̀ ì bá tún fẹ́ràn ju èyí tó ń yìn ín lọ? Ọgbọ́n ni o, bí wọ́n tilẹ̀ lè má rò ó bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́.

Lẹ́yìn ariwo, owó ńkọ́? Lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tó ń tẹ kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n sì ń tà á ni agbára wà, ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́ sì ni ojúkò wọn. Ohun tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn olórin ìgbà náà ni pé oníṣòwò yóò san owó kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò gba ojúlówó orin tí wọ́n gbà sílẹ̀, ó parí. Bó tà ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, bó tà mílíọ̀nù kan, olórin kò ní ọ̀nà tó fi máa mọ̀. Lẹ́yìn èyí ni àwọn tó ń ṣe ayédèrú yóò tún wá da tiwọn síta, tí oníṣòwò náà yóò sì máa ké pé wọ́n ja òun lólè. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí awakọ̀ tí orin náà ń yìn ló ń ṣẹlẹ̀ sí olórin: ẹni kan ń ṣe iṣẹ́, ẹlòmíràn ló ni ọkọ̀. Awakọ̀ tilẹ̀ sàn díẹ̀, torí pé ó mọ iye èrò tó gbé.

Òfin kò ṣàì sí. Òfin ọdún 1988 lórí ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣẹ̀dá iṣẹ́ ti wà nílẹ̀, àjọ ìjọba tó ń mójú tó o, Nigerian Copyright Commission, sì ti wà láti ọdún 1989. Ní ọdún 2005 ni àjọ náà dìde gbógun ti àwọn ayédèrú pẹ̀lú ètò tí wọ́n pè ní STRAP. Òfin náà sọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ olórin ìta kò mọ̀: bí olórin bá fẹ́ gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn pátápátá, àdéhùn náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Owó ọwọ́ àti ìbọwọ́ kò tó. Bákan náà, ẹ̀tọ́ méjì ló wà lára orin kan. Èkíní wà lára orin tí ènìyàn ronú kọ, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ohùn rẹ̀. Èkejì wà lára ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ta kásẹ́ẹ̀tì kò fi dandan ta orin.

Ọ̀nà mìíràn wà, àwọn olórin ẹlẹ́ni méjì mìíràn sì tọ̀ ọ́. P-Square, ìyẹn Peter àti Paul Okoye, àwọn ìbejì tó ti Jọ́ọ̀sì wá sí Èkó, gbé àwo wọn àkọ́kọ́, Last Nite, jáde ní ọdún 2003. Nígbà tí àwo kejì, Get Squared, fi máa jáde ní ọdún 2005, wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ orin tiwọn sílẹ̀, Square Records. Ìjà dé bá àwọn náà: wọ́n pínyà ní ọdún 2017, wọ́n parapọ̀ ní ọdún 2021, ìjà náà sì tún bẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń jà lé lórí jẹ́ tiwọn.

Láàárín ìgbà náà, ijó ìlú ń yí padà. Olu Maintain mú Yahooze dé ní ọdún 2007, Alanta tẹ̀ lé e, ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ olórin ẹlẹ́ni méjì mìíràn, Artquake. Ìjọba Èkó gbé àwọn bọ́ọ̀sì gbọ̀ngbọ̀n BRT sí ojú ọ̀nà Mile 12 ní oṣù kẹta ọdún 2008, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé dáńfó ti ń kógbá wọlé. Dáńfó kò kógbá wọlé. Galala ló dákẹ́ díẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbà tí shaku shaku dé ní nǹkan bí ọdún 2017, àwọn àgbà Ajégúnlẹ̀ lè wo ẹsẹ̀ àti èjìká àwọn ọmọ náà kí wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti jogún díẹ̀ nínú rẹ̀.

Ní ọdún 2018 ni Tekno, tó ti di gbajúmọ̀ nígbà náà, gbé orin kan jáde tó pè ní ‘Jogodo’. Àwọn tó gbọ́ ‘Kpolongo’ ní ìgbà tiwọn kò pẹ́ kí wọ́n tó dá a mọ̀. Kpolongo kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń wá ìtumọ̀ rẹ̀ nínú ìwé atúmọ̀. Ohùn rẹ̀ àti bó ṣe ń bọ́ sórí ìlù ni ẹ̀mí rẹ̀. Ìyẹn gan-an ni àwọn ènìyàn ní àwọn gbọ́ nínú orin tuntun náà. Danfo Drivers bọ́ síta, wọ́n ní wọ́n lo iṣẹ́ àwọn láìgba àṣẹ. Ọ̀rọ̀ náà kò di ẹjọ́ tí adájọ́ máa dá. Ìjókòó ìtùbí-ìnùbí ni wọ́n fi yanjú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò tíì dé ayé nígbà tí ‘Kpolongo’ jáde ló tipa bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé orin náà ní bàbá.

Ó yẹ kí á ṣàkíyèsí ohun tó gbà wọ́n. Kásẹ́ẹ̀tì tó ti bàjẹ́ tipẹ́ kọ́ ló gbà wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe oníṣòwò. Ẹ̀tọ́ èkíní ni, èyí tó wà lára orin tí ènìyàn ronú kọ. Kì í sì í ṣe àwọn tó yẹ kó máa gba irú owó bẹ́ẹ̀ fún olórin ló dúró tì wọ́n. Ní ọdún 2018 yẹn kan náà, àwọn ẹgbẹ́ tó ń gba owó orin fún àwọn olórin wà lẹ́nu ìjà tiwọn: COSON, tó ti gba ìwé àṣẹ ní ọdún 2010, rí i pé àjọ ìjọba dá ìwé náà dúró, nígbà tí MCSN, tó gba tirẹ̀ ní ọdún 2017, ń bá a lọ.

Mad Melon kú ní ọdún 2024. Òfin tuntun, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023, sọ pé ẹ̀tọ́ lára orin tí ènìyàn kọ yóò wà fún ọdún 70 lẹ́yìn ọdún tó kú, kì í sì í ṣe olórin nìkan ló ni ín, àwọn tó jogún rẹ̀ náà ní ìpín. Bí orin bá jẹ́ ti ẹni méjì tó jọ kọ ọ́, ìṣirò náà kò bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹni àkọ́kọ́ kú. Ìgbà tí ẹni tó kú kẹ́yìn bá lọ ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Nítorí náà, orin tí Mad Melon àti Mountain Black bá jọ kọ kò tíì di ohun tí ẹnikẹ́ni lè mú láìbéèrè ní gbogbo ìyókù ọ̀rúndún yìí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti ẹni tó bá ń kọrin lónìí, ẹni tó bá sì fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ.